Ọ̀mì ní Lord's

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2019. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni, ní gúúsù London. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ràn eré ìdárayá nílẹ̀ England kò ní mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Tẹ́níìsì kan àṣekágbá ní Wimbledon, wọ́n ń fi mọ́tò sáré ní Silverstone, àṣekágbá Ife Àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì sì ń lọ ní pápá Lord's láàrin England àti New Zealand. Ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, àwọn màmá ti gba rìmóòtù mọ́wọ́. Federer ni wọ́n fẹ́ wò, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè, bàbá kan ti jókòó sórí àga wọn láti aago mẹ́sàn-án. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo bá wọn lọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìwé fífẹ̀ kan wà lórí itan wọn, pẹ́ńsù mẹ́ta tí wọ́n ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sì wà lápò àyà.

Bàbá Barbados ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. Lójú wọn, "Daddy" ni, bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá ti dàgbà tó bàbá wa níbi iṣẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òyìnbó kan kì í fẹ́. Èmi náà ní orúkọ tèmi lọ́dọ̀ wọn: "Nigeria". "Nigeria, òjò ti dá ní Lord's?" "Nigeria, wá bá mi wo tẹlifíṣọ̀n yìí, ó tún ti ń ṣe bí ọmọ burúkú." Ẹni ọdún 82 ni wọ́n nígbà náà. Láti 1956 ni London Transport ti ń lọ gba òṣìṣẹ́ ní Barbados gangan, Bàbá sì bá wọn wá ní 1958. Wọ́n ṣe kọ̀ǹdọ́, wọ́n ṣe dírẹ́bà, wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọbìnrin wọn kan ló máa ń wá kí wọn ní Sátidé.

Kí n má parọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa kríkẹ́ẹ̀tì kí n tó débẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Mo kàn ti gbọ́ pé àwọn ọmọ King's College l'Ékòó máa ń gbá a, mo sì rí pápá rẹ̀ ní Tafawa Balewa Square lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn géńdé tó wọ funfun dúró káàkiri nínú oòrùn bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò ní wá. Mo wò wọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì mi dé, mo bá tèmi lọ.

Bàbá ló là mí lójú. Wọ́n ní oríṣi kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ń gbá fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, tó sì lè parí kí ẹnikẹ́ni má borí. Ti Ife Àgbáyé ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù 300 láti fi jẹ iye rọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ bá ká. Mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù náà, mẹ́fà kan ni wọ́n ń pè ní over, over 50 ló sì jẹ́ 300. Ẹni tó mú pátákó yóò lù ú, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò sáré pààrọ̀ àyè láàrin igi tó wà níhìn-ín àti èyí tó wà lọ́hùn-ún: rọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí nílẹ̀ títí tó fi kan okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, mẹ́rin. Bí ó bá fò kọjá okùn láìkanlẹ̀, mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́wàá jáde nínú mọ́kànlá, ó tán, ìyókù bọ́ọ̀lù ò wúlò mọ́. Ẹgbẹ́ kejì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé iye tí àwọn àkọ́kọ́ jẹ.

Bàbá wà ní Lord's lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gba ife yìí, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1975. Over 60 ni wọ́n ń gbá nígbà yẹn. West Indies, ẹgbẹ́ tí Barbados àti àwọn erékùṣù Caribbean mìíràn para pọ̀ ní, jẹ 291, Clive Lloyd nìkan jẹ 102 nínú rẹ̀. Australia lé e, lé e, èémí wọn pin ní 274. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá ń sọ ìtàn ọjọ́ náà, Viv Richards ni wọ́n máa ń sọ ju Lloyd lọ. Rọ́ọ̀nù márùn-ún péré ni Richards fi pátákó jẹ, àmọ́ ará Australia mẹ́ta ló lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe jáde, nípa pé ó gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ó sì jù ú padà sídìí igi kí wọ́n tó sáré dé. Nígbà tó parí, àwọn èrò ya wọ pápá bí omi. Bàtà ẹsẹ̀ òsì Bàbá sọnù síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lásán ni wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, dírẹ́bà tó gbé wọn ò sì gba kọ́bọ̀, torí pé ará Jamaica ni. West Indies tún gbà á ní 1979, kò sì tún kàn wọ́n mọ́ títí di òní. Ní oṣù Keje 2023, Scotland nà wọ́n ní Harare, wọn ò sì ráyè wọ Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá ti lọ sinmi nígbà yẹn. Mo dúpẹ́.

Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó tóbi tó tiwa kò fi lè rí ọmọkùnrin mọ́kànlá tó lè lu bọ́ọ̀lù. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí ìdáhùn. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó 19 borí ní Namibia, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ sí Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní South Africa ní oṣù Kínní 2020, ìgbà àkọ́kọ́ tiwa. Kí n sọ èyí tó kù kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́: wọ́n nà wọ́n níbẹ̀. Àwọn Australia lé iye tí wọ́n jẹ láìjẹ́ kí ẹnì kan péré jáde, England àti West Indies náà sì nà wọ́n. Mo gbé fóònù lọ fún Bàbá pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n wo èsì náà, wọ́n ní, "1928." Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1928. Wọ́n ní ọdún yẹn ni West Indies kọ́kọ́ wá gbá ti ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní England pẹ̀lú ẹgbẹ́ àgbà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gbá a, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni England fi gbogbo ara nà wọ́n. "Ẹ ṣì wà ní 1928 tiyín." Wọ́n dá fóònù mi padà.

Ìwé orí itan yẹn ni mo fẹ́ sọ. Láti 2005 ni kríkẹ́ẹ̀tì England ti kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́, Bàbá ò sì ṣe tán láti sanwó Sky. Rédíò ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, wọ́n á sì máa kọ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé náà kún fún àpótí kéékèèké. Àpótí kan fún over kan, bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú rẹ̀, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Bí bọ́ọ̀lù bá mú rọ́ọ̀nù méjì wá, wọ́n á kọ 2. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, wọ́n á fi ẹnu pẹ́ńsù kan ìwé lẹ́ẹ̀kan, á yọ dọ́ọ̀tì dúdú kékeré kan. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ dọ́ọ̀tì, wọ́n á fa ìlà so wọ́n pọ̀, á di lẹ́tà M. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, tíì lè dà lára wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì wọn kì í yẹ̀ kúrò lójú àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, mo dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwo oúnjẹ, mo ń wo àwọn dọ́ọ̀tì tó tò ní méjì-méjì, mo ní ó jọ ayò. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń pè ní ayò. Mo gbé bébà ìnuwọ́ kan, mo ya ihò mẹ́fà lókè, mo ya mẹ́fà nísàlẹ̀, mo fi ọmọ mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì ṣàlàyé tán tí Bàbá fi bú sẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín di ikọ́, tí mo ní láti fún wọn lómi. "Warri!" ni wọ́n wí, orúkọ tí wọ́n ń pe ayò ní Barbados. "Warri lò ń yà fún mi yẹn!"

Nígbà tí ọmọ wọn wá ní Sátidé, ó gbé ọpọ́n dé. Mo ṣí i. Ihò méjìlá. Ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ó dán, ó le bí òkúta, ó tutù lọ́wọ́. Irú ọmọ ayò tí Bàámi ń kó sínú agolo mílíìkì nílé wa ni, láti ara igi ẹlẹ́gùn-ún kan náà tó ń hù létí òkun níbi méjèèjì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé eré náà dání nínú orí wọn, wọ́n sì bá irúgbìn rẹ̀ níbẹ̀. Mo kó méjìdínláàádọ́ta sínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ọ̀fun mi dí. Bàbá ní, "Ṣé o fẹ́ sunkún ni, àbí o fẹ́ ta?"

A ta. Wọ́n nà mí. Òpè ni mí, ọ̀ta ni wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí Ife Àgbáyé fi ń lọ, tí àkókò ìsinmi ọ̀sán mi bá tó, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, inú yàrá yẹn ni mo wà. Ìgbà kan ni mo tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìdíje ọdún náà, tí ẹgbẹ́ mẹ́wàá ti bá ara wọn gbá 45, kí ó tó kan ìpele tó ṣáájú àṣekágbá méjì àti àṣekágbá kan, jẹ́ eré 48. Ọmọ ayò 48. Mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ilé mi, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́.

Ìgbà mélòó kan la ta ọ̀mì. Ẹni tó bá mọ ayò mọ̀ ọ́n: èmi jẹ mẹ́rìnlélógún, ìwọ jẹ mẹ́rìnlélógún. Bàbá ò bi mí ohun tí a ó ṣe, èmi náà ò bi wọ́n. Ọwọ́ wọn ti ń pín ọmọ padà ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bàámi àti Bàbá Télọ̀ ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra lábẹ́ igi ọdán iwájú ilé wa nígbà tí mo wà ní pírámárì, gbogbo àdúgbò ló pé lé wọn lórí, àwọn kan ti gbàgbé ohun tí wọ́n bá jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Bàbá Télọ̀ dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn, wọ́n ní, "Ó dọ̀la." Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi nǹkan mìíràn ṣèdájọ́.

Ó wá di ọjọ́ àṣekágbá. Nítorí pé England ló dé ibẹ̀, Sky gbà kí Channel 4 fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 14 tí Bàbá yóò fojú rí i. (Ní ọ̀sán, nígbà tí mọ́tò Silverstone fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé kríkẹ́ẹ̀tì lọ sórí More4 láìsọ fún àwọn arúgbó. Ìpè tí Bàbá fi pè mí lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé iná ló ń jó.) Ta ni wọ́n ń ṣe tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn le. Láti ọdún 1958 tí wọ́n ti dé, wọn ò gbè sẹ́yìn England rí. Ṣùgbọ́n Jofra Archer wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Bridgetown, tó ti ṣeré fún àwọn ọ̀dọ́ West Indies kí England tó dín iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi gbé ìlú kù láti méje sí mẹ́ta, tí àyè fi gbà á. Bàbá ní àwọn ò ṣe ti England, ti Archer làwọn ń ṣe. Èmi mú New Zealand. Ìwà Kane Williamson, ọ̀gá wọn, ló wù mí. Ọkùnrin náà máa ń lu bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

New Zealand jẹ 241, ẹni mẹ́jọ jáde. England bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, wọ́n jẹ 86, ẹni mẹ́rin ti lọ. Ben Stokes àti Jos Buttler wá dúró, wọ́n kó 110 jọ láàrin ara wọn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà, Buttler jáde, Bàbá na pẹ́ńsù sí mi. Ọwọ́ wọn ti kọ̀. "Ìwọ máa kọ ọ́. Má kọ ohun tí o rò. Ohun tí rẹfirí bá fọwọ́ ṣe ni kí o kọ."

Kò yẹ kí n jókòó. Mo ní tíì láti gbé kiri. Ọlọ́run dá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ní kí n máa bá bọ́ọ̀lù mi lọ, pé òun á gba ti ọ̀la lọ́wọ́ mi.

Ní over kọkàndínláàádọ́ta, ìyẹn èyí tó ṣìkejì ìparí, Stokes gbé bọ́ọ̀lù sókè, Trent Boult hán an létí okùn. Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ Boult tẹ okùn kí ó tó lè sọ ọ́ sí Martin Guptill tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Guptill, tó jẹ́ ará New Zealand fúnra rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé mẹ́fà ni. Mo kọ 6. Ó wá ku 15 nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó kẹ́yìn, Boult ló sì ń jù ú.

Dọ́ọ̀tì. Dọ́ọ̀tì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Stokes kúnlẹ̀ ó gbá a kọjá okùn, 6. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ayé ṣì ń sọ títí di òní. Stokes lù ú síta, ó sáré ọ̀kan, ó yí padà láti sáré ẹlẹ́ẹ̀kejì, Guptill gbé bọ́ọ̀lù ó sì jù ú sídìí igi. Apá kan náà yìí ló ti fi lé Dhoni ará India jáde ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ní Old Trafford, tí New Zealand fi dé Lord's. Stokes na ara gbalaja sílẹ̀ kí pátákó rẹ̀ lè kọjá ìlà, bọ́ọ̀lù ba etí pátákó náà, ó yà bàrá, ó yí lọ títí ó fi kan okùn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti dá a dúró. Stokes dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀: kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ní Christchurch, New Zealand, ni wọ́n ti bí i. Kumar Dharmasena, rẹfirí, gbé ìka mẹ́fà sókè. Méjì tí wọ́n sá, mẹ́rin okùn. Mo wo Bàbá. Wọ́n ní, "Kí ló fi hàn ọ́?" Mo ní mẹ́fà. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò mí fún?" Mo kọ 6.

Ó ku mẹ́ta nínú méjì. Wọ́n rí ọ̀kan, ẹnì kan jáde bó ṣe ń sáré wá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún rí ọ̀kan, ẹlòmíràn jáde lọ́nà kan náà. England 241. New Zealand 241.

"Ọ̀mì!" Mi ò mọ̀gbà tó jáde lẹ́nu mi.

Òfin ọdún náà ní kí wọ́n fi over kan ṣoṣo yanjú rẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́fà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Stokes àti Buttler padà wá, wọ́n jẹ 15. Archer ló máa jù ú fún England, ọmọ ọdún 24, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré fún wọn. Bàbá di apá àga mú. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yà síta, ọ̀fẹ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ 2. Jimmy Neesham wá gbá ọ̀kan kọjá okùn, 6, Bàbá sì fi Bajan, èdè wọn ní Barbados, sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. 2, 2, 1. Ó ku bọ́ọ̀lù kan, rọ́ọ̀nù méjì ni New Zealand ń wá. Guptill lù ú, wọ́n sá ọ̀kan, ó yí padà, Jason Roy jù ú wá, Buttler hán an ó sì fi já igi lulẹ̀ nígbà tí Guptill ṣì wà lọ́nà. 15. Ó tún di 15 sí 15.

Ìgbà yẹn ni mo rò pé wọ́n á tún un ta. Mo ti ń wá ojú ìwé tuntun. Àfi bí mo ṣe rí i tí àwọn England ń sáré káàkiri pápá, tí wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá ní kí n ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kan okùn tàbí fò ó, kí n ka ti over tó kẹ́yìn yìí mọ́ ọn. Mo kà á. England 26, New Zealand 17. "Òun ni wọ́n fi gba ife," ni wọ́n wí.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí létí ọmọ aláyò. Nínú ayò, méjì tàbí mẹ́ta lèèyàn ń jẹ nínú ilé kan. Kí èmi àti ẹ̀yin jẹ mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìnlélógún, kí a tún un ta kó tún di ọ̀mì, kí ẹnì kan wá dìde láàrin èrò pé ẹ ti jẹ mẹ́ta-mẹ́ta jù mí lọ, èmi jẹ méjì-méjì, torí náà ẹ̀yin lẹ borí. Wọn ò ní bá a jà. Wọ́n á kàn bi í pé ọmọ ta ni. Rọ́ọ̀nù tí New Zealand fi ẹsẹ̀ sá, kí ló dé tí kò tó rọ́ọ̀nù? Wọ́n ti kà á tẹ́lẹ̀ nínú 241.

Mi ò sọ pé England jalè o. Òfin náà wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó jáde sórí pápá, àwọn méjèèjì ló sì gbà á. Ní ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn màmá ń dárò Federer. Òun ló gba ojú àmì 218, Djokovic gba 204, Djokovic ló sì gbé ife lọ, lẹ́yìn tí wọ́n dọ́gba ní 12 sí 12 ní sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, tí wọ́n fi òfin tuntun ọdún náà yanjú rẹ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eré ṣe rí, ohun tí a bá ní kí á kà là ń kà. Àmọ́ àwọn ti Wimbledon ṣì jẹ́ kí ọkùnrin méjì yẹn fi rákẹ́ẹ̀tì gbá a parí. Ti Lord's, ìṣirò ló parí rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ojú ìwé Bàbá ní àyè kan tí wọ́n ń kọ èsì sí. Mo ní kí ni kí n kọ. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Archer wọn ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Archer wọn ló kúnlẹ̀ sórí pápá lórí tẹlifíṣọ̀n, omi sì wà lójú Bàbá, mo rí i. "Fi í sílẹ̀, Nigeria."

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìròyìn ti gbòde pé márùn-ún ló yẹ kí ìka Dharmasena jẹ́. Simon Taufel, tó ti ṣe rẹfirí àgbà rí, ló sọ ọ́. Òfin ní rọ́ọ̀nù tí àwọn méjèèjì bá ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú ni kí wọ́n kà mọ́ mẹ́rin, Stokes àti ẹnì kejì rẹ̀ ò sì tíì kọjá ara wọn nígbà tí Guptill jù ú. Dharmasena fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ni. Neesham tilẹ̀ ti lọ kọ ọ́ sórí Twitter pé kí àwọn ọmọdé má ṣe eré ìdárayá, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àkàrà òyìnbó. Mo gbé iréésà wọ yàrá Bàbá. Mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká tún 6 yẹn ṣe." Wọ́n fi ọwọ́ bo ìwé náà. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ ìwé kì í ṣe rẹfirí. Mẹ́fà ló fi hàn, mẹ́fà ló máa jẹ́. Mo dá iréésà padà. Èmi tí mo ti ṣe tán láti jà fún New Zealand, mi ò rí nǹkan sọ.

Ní oṣù Kẹwàá, ICC, àjọ tó ń darí kríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, pa òfin ìka-okùn náà rẹ́. Láti ìgbà náà, bí over àfikún bá parí sí ọ̀mì ní àṣekágbá tàbí ìpele tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n tún un gbá, kí wọ́n sì máa tún un gbá títí ẹnì kan yóò fi borí. Mo sáré gòkè pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n gbé ìwé wá láti inú dúrọ́ọ̀, kí n bá wọn wá ojú ìwé ọjọ́ 14 oṣù Keje.

"Kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín, tí ayò bá di mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìnlélógún?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú pẹ́ńsù, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó gbà wọ́n ní àkókò, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú àyè èsì: OMI.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Daddy, bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, omi ni, èyí tí à ń mu."

"Kí ló kù?"

"Dọ́ọ̀tì kan lábẹ́ O. Àmì méjì lórí."

Wọ́n gbé ẹnu pẹ́ńsù wá sábẹ́ O náà, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kọ bọ́ọ̀lù tí kò mú nǹkan kan wá. Kò yẹ̀. Wọ́n na pẹ́ńsù sí mi pé kí n fi àmì méjì tó kù sí i, mo fi sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní kí n gbé warri wá. Wọ́n nà mí ní 29 sí 19.